Kàléńdà orí fóònù tí mo fi bá àbúrò mi tọ́jú JAMB: àgbéyẹ̀wò tèmi láti Àkúrẹ́

Kàléńdà tó bá fóònù Android mi wá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọdún mẹ́ta ni fóònù yẹn fi wà lọ́wọ́ mi tí mi ò ṣí kàléńdà náà rí, ọ̀fẹ́ ni, kò sí nǹkan tí mo san, àmọ́ ká sòótọ́, òun ló bá mi gbé àbúrò mi dé FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Lọ́dún 2024 ọmọ náà gba 238 nínú JAMB, inú gbogbo wa dùn, Mọ́mì se ìrẹsì fún gbogbo ará ilé. Kafé kan wà ní Àkúrẹ́ níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, àwọn la kó gbogbo ẹ̀ fún, a sanwó pé kí wọ́n bá wa mójú tó o títí àdímíṣọ̀n á fi jáde. Awaiting result ló fi forúkọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé èsì WAEC ẹ̀ ò tíì jáde nígbà yẹn, torí náà nígbà tí èsì WAEC jáde ní August a gbé e lọ bá wọn pé kí wọ́n bá wa fi sórí portal JAMB. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo pè wọ́n, bọ̀ọ̀dá tó gbé e ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti lọ.” Mo sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. November la tó mọ̀ pé kò sí nǹkan tó lọ, portal ṣì ń sọ pé òun ò rí èsì kankan, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó yàn ti parí àdímíṣọ̀n tiwọn. Ọjọ́ méjì gbáko ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó síwájú ilé tó ń wo títì Ìjọ̀kà. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni mo ṣí kàléńdà. Mo kọ́kọ́ kọ déètì ọdún tó ṣáájú sí i, torí ní 2024, January 15 sí February 26 ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ fún UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Àfi bí JAMB ṣe kéde pé ti 2025 máa bẹ̀rẹ̀ ní February 3, á parí ní March 8. Ká ní kàléńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri ni mo kọ ọ́ sí ni, ṣe ni n bá máa fi bírò pa á rẹ́ kiri. Lórí fóònù, mo kàn tẹ̀ ẹ́, mo yí déètì padà, ó tán, ìránnilétí tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà sì bá a lọ.

Ohun tó ṣe mí láǹfààní jù nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kì í ṣe ọjọ́ tí JAMB máa tìlẹ̀kùn ni mo kọ síbẹ̀, ọjọ́ tiwa ni mo kọ, February 12. Láti ibẹ̀ ni mo ti wá ń kà á padà sẹ́yìn. Kó tó lè forúkọ sílẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní profile code, ìyẹn kóòdù tí JAMB máa fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, síìmù tara ẹ̀ tó ní káàdì ₦50 ló máa fi kọ NIN, kó fi àyè sílẹ̀, kó wá tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá tí ìjọba fi ń dá a mọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. NIN yẹn náà ni JAMB ti máa ń fa orúkọ jáde, bó ṣe wà níbẹ̀ ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù. Torí náà mo kọ “ẹ wo NIN” sí December 2, a wò ó, lẹ́tà kan ò sí nínú orúkọ bàbá wa! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ tá à ń bọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ rò ó wò ká ní February la tó rí i.

Mo fẹ́ràn pé ó gbà kí n fi ìránnilétí mẹ́ta sórí nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọjọ́ kan sí i, mo sì fi Gmail àbúrò mi sí i kó máa dé orí fóònù tiẹ̀ náà. Gbogbo ọjọ́ Monday ló ń rán wa létí ká wo wẹ́bsáìtì FUTA, báyẹn la ṣe rí fọ́ọ̀mù post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra wọn ń ṣe lẹ́yìn JAMB, láàárín ọ̀sẹ̀ tó jáde gan-an.

Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ó máa ń dún lẹ́ẹ̀kan péré, pì báyìí, ó ti dákẹ́, tẹ́ ẹ bá wà lọ́jà ẹ ò ní gbọ́. Tí mo bá sì ti tan battery saver, èyí tí kì í jẹ́ kí bátìrì tètè tán, ìgbà míì kì í dún rárá, àfìgbà tí mo lọ sínú settings kó má bàa kan kàléńdà mọ́. Nǹkan tó bá lágbára, mo ń fi aláàmù tì í lẹ́yìn. Kò sì mọ déètì kankan fúnra ẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́, ẹnu JAMB àti ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má gbà á lórí WhatsApp.

Aago méje àárọ̀ February 12 la dé sẹ́ńtà CBT, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kó tó di aago mẹ́wàá a ti ń lọlé, èsì WAEC ẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kó ṣí portal fúnra ẹ̀, ó ṣí i, ó pè mí kí n wá wò ó, èmi náà fojú ara mi rí i. 251 ló gbà. Nígbà tí àdímíṣọ̀n jáde lórí CAPS, ibi tí JAMB ti ń gbé àdímíṣọ̀n jáde lórí portal wọn, Quantity Surveying ni wọ́n fún un, òun fúnra ẹ̀ ló tẹ accept.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Àbúrò wa obìnrin ti wà ní SS2 báyìí, UNIMED, yunifásítì ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, ló ń wí, mo ti kọ “ẹ wo NIN” tiẹ̀ náà sí October.