Wáyà iná ilé tàbí ìgbì rédíò: èwo ni kí ẹ fi máa darí ohun èlò inú ilé?

Ẹni tó bá fẹ́ máa tan iná, kó máa pa fáànù, kó sì máa yí ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ láìdìde lórí àga, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àṣẹ lè gba inú wáyà iná tó ti wà nínú ògiri, ó sì lè gba afẹ́fẹ́ lórí ìgbì rédíò. Mo ti lo méjèèjì nínú ilé kan náà, mo sì ṣì ń lo díẹ̀ nínú ti wáyà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí wọ́n ṣe ń fi fóònù tàbí ohùn pàṣẹ fún gílóòbù, gbogbo páálí ọjà ló ti kọ ọ́ sára, n kò ní tún un sọ.

Ti wáyà ló dàgbà jù. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Pico Electronics, ní Glenrothes lórílẹ̀-èdè Scotland, bẹ̀rẹ̀ X10, ètò tó ń fi wáyà iná ilé gbé àṣẹ. Fóltéèjì iná ilé máa ń lọ sókè ju òdo lọ, á tún lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá ń kọjá òdo, X10 á ju ìgbì kékeré kan tó jẹ́ 120 kHz (mímì 120,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sínú wáyà. Bí ìgbì bá wà níbẹ̀, 1 nìyẹn. Bí kò bá sí, 0 ni. Létà 16 fún ilé àti nọ́ńbà 16 fún ohun èlò ló ní, èyí tó já sí ohun èlò 256. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa dúró de òdo yẹn, àṣẹ kan lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. UPB jáde ní 1999, KNX ní ẹ̀yà kan tó ń gba wáyà iná lórí 110 kHz ní 1200 bit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Insteon sì dé ní 2005 pẹ̀lú wáyà àti rédíò pa pọ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹ bá rán wọn níṣẹ́, wọ́n ń jábọ̀. Ọ̀pọ̀ súìṣì X10 kì í jábọ̀: ó gbọ́ o, kò gbọ́ o, ẹ ò ní mọ̀ àfi tí ẹ bá lọ wò ó.

Ní ti rédíò, Zigbee àti Z-Wave, ètò méjì tí ohun èlò inú ilé fi ń gba àṣẹ lórí ìgbì rédíò, ni mo fi ń ṣe ìfiwéra níbí.

Ohun tó ń gbé àṣẹ mì

Ibí yìí ni owó mi lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Nígbà tí wọ́n ṣe X10, gílóòbù tó ń gbóná àti mọ́tò ló pọ̀ lórí wáyà ilé. Ní báyìí, ṣájà fóònù, ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, tẹlifíṣàn àti gílóòbù LED, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní páwà sọ́pílàì (ohun tó ń yí iná ilé padà sí èyí tí wọ́n lè lò) tó ń já iná, tó ń so ó, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi méjì ni wọ́n ti ń ṣe àṣẹ yín léṣe. Àkọ́kọ́ ni ariwo. Ohun tí àwọn páwà sọ́pílàì wọ̀nyí ń tú sínú wáyà lè bọ́ sí àyíká 120 kHz gan-an, àṣẹ yín á wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà.

Èkejì ló burú jù, torí kò pariwo rárá. Wọ́n máa ń fi kàpásítọ̀, ẹ̀yà kékeré kan tí ìgbì tó ń yára mì ń rọrùn láti gbà kọjá, sẹ́nu ọ̀nà ibi tí iná ti ń wọ ṣájà, kí ariwo inú rẹ̀ má baà jáde sí wáyà ilé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo kàpásítọ̀ 0.1 microfarad kan péré: lójú iná ilé tó jẹ́ 50 Hz, ìdènà rẹ̀ tó ohm 32,000, iná kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lójú ìgbì 120 kHz, ohm 13 ló kù. Inú ṣájà ni àṣẹ á máa ṣàn lọ dípò kó dé ọ̀dọ̀ súìṣì. Kò sì dìgbà tí ṣájà bá ń gba iná sínú fóònù. Kó ṣáà ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó.

Nínú ilé mi, iná pálọ̀ a máa gbọ́ àṣẹ ní àárọ̀, bó bá di alẹ́ kò ní gbọ́ mọ́. Ẹni tó ta á fún mi ní súìṣì ló bàjẹ́. Mo san owó òmíràn, mo san owó ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, alẹ́ lẹ́, kò gbọ́. Wọ́n tún ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń fún àmì lágbára. Mo rà á, ó gbọ́ fúngbà díẹ̀, ó tún padà sí ìwà rẹ̀. Oníṣẹ́ iná mìíràn ló wá ń pa bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ yàrá tí ọ̀ràn wà, ó sì ń yọ ohun èlò ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ mi ni, èyí tí ó máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bó bá dé nírọ̀lẹ́. Bó ṣe yọ ọ́ báyìí ni iná pálọ̀ gbọ́. Súìṣì tí wọ́n ní ká sọ nù yẹn kò ní àbùkù kankan.

Fílítà kan láàárín ṣájà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kì í jẹ́ kí àṣẹ ṣàn wọ inú ṣájà, parí ẹjọ́ yẹn. Tẹlifíṣàn tuntun dé, ẹjọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Èyí ló mú mi rí ìyàtọ̀ tí àwọn olùtajà kì í sọ. Lórí wáyà, ọ̀pọ̀ ohun tuntun tí ẹ bá gbé wọlé ń sọ àṣẹ di aláìlera. Lórí Zigbee àti Z-Wave, òdì kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súìṣì tó ń jẹ iná ilé lè gba àṣẹ kó sì tari rẹ̀ sí èyí tó wà níwájú, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń pọ̀ sí i. Tí ọ̀kan bá kú, àṣẹ á wá ọ̀nà ibòmíràn gbà. Ilé tí iye nǹkan inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ẹ rò ó dáadáa.

Bí ilé yín bá ń lo fééèsì mẹ́ta, ìyọnu mìíràn tún wà fún ti wáyà. Àṣẹ tó wà lórí fééèsì kan kì í sábà dé orí èkejì, bó bá sì dé, á ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń so àwọn fééèsì pọ̀ fún àmì nìkan, ṣùgbọ́n inú àpótí bíréékà ló ń gbé. Ẹ má fọwọ́ ara yín fi í sí i, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.

Àwọn nǹkan yòókù, ní kúkúrú

Ògiri: wáyà ló borí. Kọnkéré tó ní irin nínú ń dá 2.4 GHz ti Zigbee dúró. Z-Wave, tó ń lo 868.42 MHz ní Yúróòpù àti 908.42 MHz ní Amẹ́ríkà, ń wọ ògiri jù ú lọ.

Bátìrì: rédíò nìkan ló lè ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí, tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ibikíbi láìsí wáyà, kò sí irú rẹ̀ lórí wáyà iná.

Aládùúgbò: ilé tó bá jọ ń lo tiransifọ́mà kan náà lè gbọ́ X10 ara wọn. Bí létà yín bá bára mu, wọn á máa pa iná yín. X10 kò ní kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò kankan. Zigbee ń fi irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, AES tó jẹ́ 128 bit, ti àṣẹ pa kí ẹlòmíràn má baà lò ó.

Wáyà nútírà (èyí tí iná ń gbà padà): ọ̀pọ̀ súìṣì rédíò ń fẹ́ ẹ nínú àpótí súìṣì. Ilé àtijọ́ lè má ní in. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, sáfà Insteon kú láìsí ìkìlọ̀, áàpù àwọn tó rà á kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, kó tó di pé àwọn oníbàárà kan ra ilé-iṣẹ́ náà. Wáyà ni o, rédíò ni o, ẹ béèrè bóyá àṣẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ẹ má ra èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá.

HomePlug: ẹ má dà á pọ̀ mọ́ X10. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé gba inú wáyà. Ẹ̀yà AV rẹ̀ ń lo 2 sí 28 MHz, páálí rẹ̀ ń kọ 200 Mbit/s, ohun tí ẹ máa rí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó dára láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé yàrá tí Wi-Fi kò dé. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe inú ẹ̀kíténṣàn tó ní ààbò iná, torí ààbò yẹn náà ń gbé àmì mì.

Ta ni kó ra èwo?

Bí ògiri yín bá nípọn gan-an, tí ohun tí ẹ fẹ́ darí kò ju iná mélòó kan lọ, tí ohun èlò inú ilé kì í sì í yí padà, ti wáyà á tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ mú UPB tàbí KNX tó ń jábọ̀, kí ẹ sì fi owó fílítà kún ìṣirò. Ẹ ra méjì péré lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi ọ̀kan sí ìpẹ̀kun ilé, lórí fééèsì mìíràn bó bá wà, kí ẹ dán an wò lálẹ́ nígbà tí gbogbo ṣájà bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ̀yin àti olùtajà ti jọ sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ lè dá a padà.

Fún ilé tó kù, Zigbee tàbí Z-Wave ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìṣì tó ń tari àṣẹ kí ẹ tó ra ti bátìrì. Bí Zigbee bá ń ta kú, ẹ wo Wi-Fi yín: 2.4 GHz kan náà ni wọ́n jọ ń lò, yíyí ìkànnì ọ̀kan padà sì lè yanjú rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ní tèmi, iná ẹnu géètì nìkan ló kù lórí wáyà, nítorí pé rédíò kò dé ibẹ̀, wáyà rẹ̀ sì jáde tààrà láti inú àpótí bíréékà láìsí ṣájà kankan lórí rẹ̀.