HC-05 àbí HC-12: èwo ni kí ẹ rà fún Arduino yín?

Ẹni tó bá fẹ́ kí Arduino (bọ́ọ̀dù kékeré tí à ń kọ kóòdù sí) máa ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn láìfa wáyà, orúkọ méjì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ: HC-05, tó ń lo Bluetooth, àti HC-12, tó ń lo rédíò. Orúkọ jọ orúkọ, ọ̀nà tí à ń gbà lò wọ́n nínú kóòdù sì jọra. Serial.print (àṣẹ tó ń rán ọ̀rọ̀ jáde) ni, ohun tí ẹ bá kọ sí apá kan ló ń jáde ní apá kejì. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mú èyí tí owó rẹ̀ bá kéré. Mo ti lo méjèèjì fún iṣẹ́ kan náà, ìyẹn láti máa wo iye omi tó kù nínú tánkì òkè láti inú pálọ̀, mo sì mọ ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń dójú tini.

Ohun tó wà lára páálí ẹ̀rọ, ẹ lè kà á fúnra yín. Ohun tí páálí kì í sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ta lẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà?

Bó bá jẹ́ fóònù ni, HC-05 ló borí, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Fóònù Android yóò rí i, ẹ ó tẹ 1234, ẹ ó ṣí áàpù Bluetooth terminal kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa rà. HC-12 kò mọ fóònù rárá. Méjì lẹ gbọ́dọ̀ rà, ẹ ó sì ní bọ́ọ̀dù kejì tí yóò gba ìròyìn náà. Arduino Nano kan àti LCD kékeré (ojú tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn) ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo iPhone, ẹ má wulẹ̀ ra HC-05. Bluetooth àtijọ́ ló ń lò, Apple kò sì ṣí ìyẹn sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ báyìí. HM-10, tó ń lo Bluetooth 4.0, ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá sì ti ní bọ́ọ̀dù ESP32 ti àkọ́kọ́ nílé kò nílò HC-05, nítorí Bluetooth yẹn ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra: ESP32-C3 àti ESP32-S3 kò ní in, BLE nìkan, irú Bluetooth ti HM-10, ni tiwọn.

Bí iná bá lọ, tó sì dé

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ lè má ronú kàn án láéláé, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́.

HC-05 gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀gá, ìkejì ni ọmọṣẹ́. Ọ̀gá ló ń wá ọmọṣẹ́ lọ. Bí iná bá lọ, ìsopọ̀ já. Bí iná bá dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún un so. Ká ní fóònù lẹ fi ń wò ó, tí NEPA mú iná ní aago méjì òru, tí wọ́n sì dá a padà ní aago mẹ́rin. Bọ́ọ̀dù orí tánkì yóò dìde, LED ara HC-05 yóò máa ṣẹ́jú wàràwàrà pé òun ń retí ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn títí ẹ ó fi jí, tí ẹ ó mú fóònù, tí ẹ ó tẹ Connect. Fóònù kì í lọ so ó fúnra rẹ̀ àfi bí ẹni tó kọ áàpù náà bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn áàpù kan kì í pa nọ́ńbà tó ti wà lójú wọn rẹ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gbé síwájú yín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyẹn. Pọ́ǹpù ń fa omi lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Iná dé lóru, pọ́ǹpù tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù sì dúró lórí "ìdajì". Tánkì kún, omi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn sórí dẹ́kìn, ó sì rìn wọ inú síìlìnì. Owó tí mo fi tún POP pálọ̀ ṣe ju owó gbogbo ẹ̀rọ inú iṣẹ́ náà lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ fóònù kúrò láàárín, mo ra HC-05 kejì, mo fi àṣẹ AT, àṣẹ tí à ń kọ sí ẹ̀rọ náà láti tò ó, sọ ọ̀kan di ọ̀gá: AT+ROLE=1, AT+CMODE=0, mo wá fi AT+BIND fún un ní àdírẹ́sì ìkejì. Lórí ìwé, ọ̀gá yóò máa wá ọmọṣẹ́ rẹ̀ kiri títí yóò fi rí i. Àwọn tó wà lọ́wọ́ mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí bọ́ọ̀dù orí tánkì bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde, nígbà míì wọ́n á so pọ̀, nígbà míì ọ̀gá á kàn dákẹ́ sójú kan títí n ó fi yọ wáyà iná rẹ̀ kí n tó tún fi í sí i. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ fa wáyà láti pin STATE wá sí Arduino, kí ó máa wò ó bóyá ìsopọ̀ wà, bí kò bá sí, kí ó fi transistor pa HC-05 náà kí ó sì tún tàn án. Mo ṣe é, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ transistor àti kóòdù tó lé lórí iṣẹ́ yẹn, nítorí ohun tí kò yẹ kó jẹ́ ìṣòro rárá ni.

HC-12 kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsopọ̀. Bí ilé iṣẹ́ rédíò ló ṣe ń ṣe: ó sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹni tó bá wà lórí ìkànnì kan náà á gbọ́. Ìkànnì tí ẹ bá fún un kò ní pa rẹ́ bí iná bá lọ. Iná dé, bọ́ọ̀dù orí tánkì sọ̀rọ̀, LCD inú pálọ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ ti orí tánkì ló kọ́kọ́ dìde, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ti pálọ̀ ni, kò sí wàhálà.

Ohun kan wà tí HC-12 kì í ṣe fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra yín. Kì í sọ fún ẹni tó ránṣẹ́ pé ẹnì kejì ti gbọ́, kì í sì í dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà bí Bluetooth ti máa ń ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tánkì máa tún ìròyìn sọ ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan síra. Ẹ fi àmì < bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi > parí rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà àyẹ̀wò sí àárín. Èyí tí kò bá pé, kí ẹni tó gbà á jù ú nù. Èyí tó ṣe kókó jù: bí bọ́ọ̀dù pálọ̀ kò bá gbọ́ nǹkan fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ó pa nọ́ńbà tó wà lójú LCD rẹ́, kí ó kọ "KÒ SÍ ÌRÒYÌN", kí ó sì pa pọ́ǹpù bó bá jẹ́ òun ló ń darí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ lórí ìròyìn àná. Ẹni tó bá lo HC-05 náà gbọ́dọ̀ ṣe èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lè dé

HC-05 ń gbìyànjú nínú yàrá kan náà, nǹkan bíi mítà 10. Dẹ́kìn kan ṣoṣo tó ní irin nínú ti tó láti mú un já.

Mítà 1000 ni wọ́n kọ fún HC-12, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Orí pápá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí ọ̀rọ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ìyẹn ní baud (ìwọ̀n eré ọ̀rọ̀) 1200 tàbí 2400. Bó bá ti ilé iṣẹ́ dé, 9600 ló wà lórí rẹ̀, ibi tó lè dé sì kéré sí i níbẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀. Iye omi inú tánkì kò nílò eré. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ HC-12 kan tún wà, FU4, tí wọ́n ní ó lè dé mítà 1800: baud 1200 nìkan ló ń gbà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ rán ju báìtì 60 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 sáàárín wọn. Láàárín ilé oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ má retí nọ́ńbà páálí. Láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọ pálọ̀ ìsàlẹ̀, tàbí dé yàrá ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì, kò tíì já mi kulẹ̀. Ẹ jó sípíríìnì antẹ́nà rẹ̀ mọ́ ọn dáadáa pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má sì tì í mọ́ inú àpótí irin.

Iná tó ń jẹ

HC-12 lè fa 100 mA nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ 50 mA péré ni pin 3.3V ara Arduino Uno lè gbé. Pin 5V ni kí ẹ lò, kí ẹ fi capacitor sáàárín VCC (ibi tí iná ń gbà wọlé) àti GND (ibi tó ń gbà padà); ìwé rẹ̀ ní 22 µF sí 1000 µF, 470 µF ni èmi ń lò. Bí iná bá ju 4.5V lọ, wọ́n tún ní kí ẹ fi diode 1N4007 kan sójú ọ̀nà rẹ̀. Bí bátìrì ló ń gbé ti orí tánkì, AT+SLEEP wà fún un.

HC-05 kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ RX rẹ̀ kì í fẹ́ 5V. Resistor 1k àti 2k lẹ máa fi gé e kù.

Pin 0 àti 1: ẹ má lò ó fún ìkankan nínú wọn lórí Uno, nítorí òun náà ni USB ń lò, kóòdù kò sì ní wọlé. SoftwareSerial (kóòdù tó ń sọ pin mìíràn di Serial) ní 9600 kò burú. Ẹni tó ní Arduino Mega 2560 ní Serial mẹ́ta mìíràn, kí ó lo ọ̀kan níbẹ̀.

Ayédèrú

Méjèèjì ní i. Ẹnì kan ta HC-05 fún mi tó jẹ́ HC-06 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọmọṣẹ́ nìkan. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fún un níná. Bí LED bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́, ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 síra, ẹ lọ sí baud 38400, ẹ kọ AT+ROLE? sí i. Bó bá dáhùn, ó dára.

Ti HC-12 rọrùn. Ẹ so pin SET mọ́ GND, ẹ kọ AT+RX ní 9600. Yóò ka baud, ìkànnì, agbára àti FU rẹ̀ fún yín. Ẹ ra gbogbo èyí tí ẹ nílò lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ayédèrú kan wà tó máa ń yà kúrò lórí ìkànnì rẹ̀: méjì irú rẹ̀ á gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ojúlówó.

Ní ti ààbò, ẹ má fi ìkankan ṣí géètì. 1234 ni gbogbo ayé mọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní HC-12 lè gbọ́ tiyín. Ní ti òfin, ìkànnì C001 dé C004 ló wà nínú 433.05 sí 434.79 MHz tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Yúróòpù. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, 10 mW ni wọ́n gbà láyè láìsí láísẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ 100 mW ni HC-12 ń lò bó bá dé. AT+P4 yóò mú un wá sí nǹkan bíi 6 mW.

Èwo wá ni?

Ọkọ̀ ìṣeré tí ọmọ yín fẹ́ fi fóònù wà, iṣẹ́ àṣetiléwá, ohunkóhun tí èèyàn yóò jókòó tì tí yóò sì máa tẹ̀: ẹ ra HC-05, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Tánkì, ilé adìyẹ, ohunkóhun tí yóò dá wà lóru tí iná lè lọ lórí rẹ̀: HC-12 ni n ó fún ọmọ ìyá mi.

Bí ẹ bá sì ń ra HC-12, ẹ ra mẹ́ta. Ẹ so ìkẹta mọ́ ẹ̀rọ kékeré USB CP2102 tàbí CH340, kí ẹ fi í sára láptọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ tí LCD bá kọ "KÒ SÍ ÌRÒYÌN", ẹ ṣí Serial Monitor, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá tánkì ni kò sọ̀rọ̀ tàbí pálọ̀ ni kò gbọ́.