Ẹ ṣọ́ra fún férémù “Manx” tí wọ́n ń tà kiri yìí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra alùpùpù àtijọ́ ní Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Férémù alùpùpù kan wà lóde, egungun irin tí ẹ́ńjìnnì àti táyà ń so mọ́, ti ilé iṣẹ́ Norton ni, dúdú ni, ó ń dán bíi dígí. Ẹni tó ń tà á ń pè é ní ojúlówó Manx, ìyẹn alùpùpù tí Norton ṣe fún ìje, ti ọdún 1955, £5,800 ló sì dá lé e. Kì í ṣe Manx rárá. Mo ti san £1,500 àsansílẹ̀ lórí rẹ̀, n kò sì tíì rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó sáré ìje láyé ọjọ́un. Ó ní òun ti tajà fún àwọn èèyàn wa ní Peckham, ó ní ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àfi kí n yára. Orí PayPal ló ní kí n gbà sanwó, kí n sì yàn án pé ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ni mò ń fún lówó. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn, PayPal kò kà á sí owó ọjà, wọn kò sì ní bá yín gbà á padà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí férémù lásán fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Rex McCandless, ará Belfast, ló ronú kàn án. Páìpù méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló yí ẹ́ńjìnnì po láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá níbi ọrùn tí fọ́ọ̀kì iwájú wọ̀. Nígbà tí Harold Daniell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré ìje fún Norton, gùn ún, ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn wà lórí ibùsùn tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ kún, ibẹ̀ ni orúkọ Featherbed ti wá. Ọdún 1950 ni Norton gbé e wọ ìje, ọdún yẹn gan-an ni Geoff Duke sì fi gba ìje alùpùpù ńlá tí wọ́n ń pè ní Senior TT ní Isle of Man. Norton kò lè ṣe é nílé iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Reynolds, ní Birmingham tí mò ń gbé yìí, ló ń bá wọn ṣe é, Ken Sprayson ló sì ń fi idẹ jó àwọn páìpù náà pọ̀. Reynolds 531 ni wọ́n lò fún ti ìje, páìpù tó fúyẹ́ tó sì lágbára. Nígbà tí Norton wá ṣe irú rẹ̀ fún Dominator tí ará ìlú ń gùn lójú títì, irin lásán ni wọ́n lò. Téèyàn bá wò wọ́n lókèèrè, ìbejì ni wọ́n. Ohun tí oníjìbìtì yìí gbójú lé nìyẹn.

Ẹ̀yìn tí mo ti sanwó ni mo tó lọ wò ó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń tún Norton ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún ló bá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n kò wo ọ̀dà tó ń dán. Wọ́n yọ bébà pẹlẹbẹ kan lápò, wọ́n tẹ́ ẹ lé ibi tí nọ́ńbà wà lápá òsì, wọ́n wá ń fi pẹ́ńsùlù kùn ún jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí bébà, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lábẹ́ 7 tó gbẹ̀yìn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ kọrọdọ jáde, àbọ̀ 3 tàbí 8 tí gíráíńdà kò pa rẹ́ tán. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò pa ojú irin níbẹ̀. Ó jìn sínú díẹ̀, bí ojú àwo. Wọ́n tún fa ọwọ́ mi sí abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀. Kókó kékeré méjì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò tí wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó.

“Ọkọ̀ ìje kì í ní irin ìdúró,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Kí ni wọ́n wá gé kúrò níbí?”

Ọkùnrin náà ní iná gáréèjì ni kò mọ́lẹ̀ tó. Nígbà tí mo béèrè owó mi, ó ní àsansílẹ̀ kì í padà. Kò gbé ìpè mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo tún rí férémù kan náà tí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán tuntun. Ọdún rẹ̀ ti di 1957. Mo ti fẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tí ojú lásán lè mú. Ní 1960, Norton mú páìpù òkè férémù ojú títì sún mọ́ra níbi tí orúnkún ń gbé, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní slimline. Manx kò ní slimline rí. Ẹni tó bá fi èyí tí ìbàdí rẹ̀ fún hàn yín, tó ní Manx ni, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí tún ń fi àwòrán alùpùpù àtijọ́ mìíràn, Vincent, ránṣẹ́. Vincent kò ní férémù bí a ṣe mọ̀ ọ́n: àpótí irin tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ ló ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn fún un, ẹ́ńjìnnì ló sì di iwájú àti ẹ̀yìn mú. Fún àwọn Vincent tí wọ́n ń pè ní Rapide àti Black Shadow, ti Series B àti C, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ti férémù máa ń fi 1900 ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Black Lightning, Vincent ti ìje, tí wọ́n tà ní $929,000 ní Las Vegas ní oṣù kìíní 2018, 7305 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 9205 ni férémù. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì lórí èyí tó wà nínú àwòrán ọkùnrin yìí, kò jẹ́ 1900. Lóòótọ́, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ní bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́ náà ló ṣe wà.

N kò bá ẹni tó ń ṣe férémù tuntun jà. Àwọn kan ń ṣe irú férémù tí Colin Seeley ṣe fún ìje láyé ọjọ́un, èyí tí wọ́n ń pè ní Mark 3 tí kò ní páìpù iwájú rárá, iṣẹ́ wọn dára, wọ́n sì ń sọ pé tuntun ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni férémù tí a kò mọ ẹni tó jó o, lábẹ́ èèyàn tó ń sáré 100 máìlì ní wákàtí kan.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi bébà àti pẹ́ńsùlù ya nọ́ńbà náà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí sí Vintage Motor-Cycle Club, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́. Olóòótọ́ kò ní bínú.

Bébà tí ẹ̀gbọ́n yà lọ́jọ́ yẹn wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbé férémù Norton dúdú wá bá yín, tí 7 tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀ wọ́ sápá òsì, ẹ kọ̀wé sí mi, máa fi fọ́tò bébà náà ránṣẹ́ kí ẹ fi wé e.