Camel onígi méjì: ti Guillow's àbí ti Model Airways?

Ilé-iṣẹ́ méjì, Guillow's àti Model Airways, ló ń ta páálí igi tí ẹ ó fọwọ́ ara yín tò di bàálù kékeré. Orúkọ kan náà ló wà lára páálí méjèèjì: Sopwith Camel, bàálù ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fò ní December 1916. Ìbọn Vickers méjì ló wà níwájú awakọ̀. Irin tí wọ́n fi bò wọ́n yọ bí iké, ni wọ́n bá ń pè é ní Camel, ìyẹn ràkúnmí. Àmọ́ iṣẹ́ inú páálí méjì yìí kò jọra rárá.

Ti Guillow's ló tóbi jù: ínǹṣì 28 ni láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì (1:12, ìyẹn ni pé ínǹṣì kan rẹ̀ dúró fún ínǹṣì 12 lára bàálù gidi). Ti Model Airways jẹ́ ínǹṣì 21 (1:16). Ẹ má jẹ́ kí títóbi tàn yín o. Èyí tó kéré ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì wọ́n jù.

Igi balsa ni ti Guillow's, ó rọ̀ débi pé èékánná lásán lè dá àpá sí i lára. Ẹ ó to egungun rẹ̀ lórí àwòrán, ẹ ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ ó wọ́n omi sí i kí bébà lè fún, kí ẹ tó wá fi dope, ọ̀dà tó ń mú bébà le, kùn ún. Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Mo tú apá kan kúrò lórí pátákó kó tó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti lọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn pa. Ẹ jẹ́ kí pín-ìnnì dè é mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ó lè fò, tí ẹ bá fi rọ́bà yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n imú Camel kúrú. Nínú ti gidi, ẹ́ńjìnnì, ìbọn, epo àti awakọ̀ ló fún ara wọn pọ̀ síwájú. Onígi kò ní ẹrù yẹn, ìdí rẹ̀ á máa wálẹ̀. Àfi kí ẹ ki òjé bọ imú rẹ̀.

Ti Model Airways kò ní fò láéláé, kò sì ní bébà. Egungun yẹn gan-an ni ẹ ń sanwó fún: igi tí wọ́n fi laser gé, idẹ pẹlẹbẹ, irin dídà, àti wáyà lóríṣiríṣi. Ẹ ó to ẹ́ńjìnnì náà pàápàá, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń yí pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀. Yíyí yẹn ló jẹ́ kí Camel lè ṣẹ́ sọ́tùn-ún wàrà lójú ogun, òun náà ló sì wà nídìí ikú ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Tí ẹ bá fa wáyà kan le jù, apá á wọ́, ẹ ó sì tún un ṣe látòkèdélẹ̀.

Ẹni tí kò tíì lẹ igi mọ́ igi rí, ti Guillow's ni kó rà. Ẹni tó bá sì ń lọ ra ti Model Airways, kó ka owó àpótí gíláàsì mọ́ ọn: kò sí aṣọ ìnulẹ̀ tó lè nu eruku láàárín àwọn wáyà wọ̀nyẹn.