Lọ́ńdọ̀nù sí Páríìsì: Rélùwéè Eurostar Ló Yẹ Kí Ẹ Wọ̀, Kì í Ṣe Bàálù

Àwọn ará Abẹ́òkúta tó ń lọ kí ẹbí ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì fẹ́ yà dé Páríìsì, bàálù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Fóònù á sọ fún wọn pé ìlú méjèèjì jìnnà síra tó nǹkan bíi 344 kìlómítà, pé bàálù á sì gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 sí 20. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú òfuurufú nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ẹ tún ní láti dé Heathrow, èyí tó tó wákàtí kan láti àárín ìlú pẹ̀lú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi bíi wákàtí méjì sí i fún àyẹ̀wò. Tí ẹ bá sọ̀ ní Charles de Gaulle, pápákọ̀ òfuurufú Páríìsì, ẹ ó tò fún aṣọ́bodè, ẹ ó dúró de ẹrù, kí ẹ tó wọ rélùwéè RER B tó ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé Gare du Nord, ibùdókọ̀ rélùwéè nínú ìgboro Páríìsì. Wákàtí márùn-ún ti ń lọ nìyẹn.

Ibùdókọ̀ rélùwéè St Pancras, láàárín Lọ́ńdọ̀nù gan-an, ni Eurostar ti ń gbéra. Wákàtí méjì àti bíi 20 ìṣẹ́jú, ó ti dé Gare du Nord. Ó ń sá tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìlọ́po méjì eré tí wọ́n torí rẹ̀ la ojú irin tó gba Laderin tiwa kọjá. Ihò tó gbà kọjá tó 50 kìlómítà, 38 nínú rẹ̀ wà lábẹ́ òkun. Àwọn aṣọ́bodè Faransé wà ní St Pancras níbẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá ti sọ̀, ìgboro ló kàn.

Ẹrù ni mo tún fi yìn ín jù. Àpótí méjì tí kò gùn ju 85 sẹ̀ǹtímítà lọ àti báàgì ọwọ́ kan, wọn kì í sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá di àdìrẹ Ìtòkú fún àwọn àbúrò á mọyì èyí. Ẹ má fi ẹran gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ sí i o: òfin Yúróòpù kọ̀ ọ́, wọ́n á gbà á.

Àléébù rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń gbówó lórí tí ọjọ́ bá ti sún mọ́lé. Ẹ rà á ṣáájú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó gbéra ni wọ́n ń ti ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí aago: Páríìsì fi wákàtí kan ṣáájú. Èyí tó gbéra láago mẹ́wàá àárọ̀, aago kan ọ̀sán ó lé 20 ìṣẹ́jú ló ń dé, bí ẹni pé ó lo wákàtí mẹ́ta àti 20 ìṣẹ́jú. Aago Páríìsì ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín.

Físà Ìlú Ọba kò wọ Faransé rárá. Ti Schengen, físà tí Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn jọ ń lò, lọ́tọ̀ ni, Nàìjíríà níbí ni kí ẹ sì ti gbà á kí ẹ tó gbéra. Kí ti Ìlú Ọba náà jẹ́ èyí tó gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní lè padà sí Lọ́ńdọ̀nù.