ANOVA, mixed model àbí GEE: èwo lẹ fẹ́ náwó lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ ra SPSS ni àbí Stata (sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà), torí pé ẹni kan náà lẹ wọ̀n léraléra, ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ mú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà ṣírò dátà yín, kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Ẹ wo dátà sleepstudy tó ń bá lme4 wá, ìyẹn àfikún tó ń ṣe mixed model nínú R, sọ́fítíwíà ìṣirò míì. Ẹni 18 ni wọ́n fi oorun dù, ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń wò ó bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó fèsì, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ ìlà 180. Tẹ́ ẹ bá fi regression lásán (ìṣirò tó ń fa ìlà kan gba àárín dátà) ṣe é bíi pé èèyàn 180 ni, ó máa ní ojoojúmọ́ ni ìfèsì ń fi millisecond 10.5 pẹ́ sí i, standard error (bí iye yẹn ṣe lè yẹ̀ sí tó) 1.24. Mixed model tó kàn gbà pé ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, 10.5 yẹn náà ni, àmọ́ error já sí 0.80, ó wá dà bí ọjà pọ́ọ́kú. Ẹ má tíì yọ̀ o! Àìsùn kì í mú gbogbo wa bákan náà, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kí mọ́dẹ́ẹ̀lì mọ ìyẹn, error gun òkè lọ sí 1.55. Èyí lèmi gbà gbọ́.

Repeated-measures ANOVA, tó ń fi ìpíndọ́gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wéra, dáa tí gbogbo èèyàn bá pé lójoojúmọ́. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ, SPSS á yọ gbogbo tiẹ̀ dànù, nígbà tí mixed model á lo ìyókù. GEE (generalized estimating equations) tí Liang àti Zeger gbé jáde ní 1986, ọ̀rọ̀ gbogbo èrò lápapọ̀ nìyẹn ń sọ, kì í ṣe ti ẹnì kan, ó sì fẹ́ èrò púpọ̀, ẹni 18 kéré lójú ẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni R àti lme4, àmọ́ ẹ ó kọ́ kóòdù, lme4 ò sì ní fún yín ní p-value (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èsì kàn ṣèèṣì ni) àfi tẹ́ ẹ bá fi àfikún míì, lmerTest, kún un (súpáfáísọ̀ yín á sì béèrè ẹ̀ dandan). Tó bá jẹ́ SPSS, ẹ yẹ láísẹ́ǹsì yín wò dáadáa, torí Base (ẹ̀dà ìpìlẹ̀) nìkan ò ní repeated measures, mixed tàbí GEE nínú, àfikún Advanced Statistics ló ni wọ́n. Ti Stata ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà BE tó kéré jù náà ní mixed àti xtgee (àṣẹ tó ń ṣe GEE), iye dátà tó lè gbà ló kàn mọ níwọ̀n.