Honda EU22i: jẹnẹrétọ̀ tó gba ooru mọ́ra ju òtútù lọ

Jẹnẹrétọ̀ yìí ń fara da ooru dáadáa. Òtútù tó ń sọ omi di yìnyín ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wáàtì 2200 ni agbára rẹ̀ tó ga jù, àmọ́ 1800 ló lè gbé títí, òun sì ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Lórí òkè gíga, agbára náà ń dín ní nǹkan bí ìdá 3.5 nínú 100 fún 300 mítà kọ̀ọ̀kan. Ní 2400 mítà, ẹ má retí ju wáàtì 1300 lọ.

Ọ́ìlì 10W-30 ló ń lò lójoojúmọ́. Nínú òtútù líle, ọ́ìlì yẹn á ki, okùn á wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á, ẹ́ńjìnì ò sì ní yí kíákíá tó láti gbaná. Ẹ fi 5W-30, tí kì í ki tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù, pààrọ̀ rẹ̀. Lítà 0.4 péré ló ń gbà, kò sí àwáwí.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Ọ̀rinrin inú ẹ́ńjìnì ń gba ibẹ̀ jáde. Bí òtútù bá mú un, á di yìnyín, á dí rọ́bà náà pa. Afẹ́fẹ́ tó há sínú á wá máa ti ọ́ìlì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Ọ́ìlì á lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ́ìlì á sì pa ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á máa tú púlọ́ọ̀gì! Ẹ má ṣe é ní tàn-án-pa-á: ẹ gbé ẹrù lé e, kó gbóná dénú kí ẹ tó pa á. Ẹ fi nǹkan gba afẹ́fẹ́ líle dúró lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ibi tí èéfín ń gbà jáde sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ àgọ́ láé. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Nínú ooru, ẹ fi àyè tó mítà kan sílẹ̀ yí i ká, kí ẹ má sì rọ bẹntiróòlù dé ẹnu táǹkì, torí ó ń wú. Bí eruku bá pọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ fóòmù filítà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ rì í sínú ọ́ìlì tó mọ́, kí ẹ sì fún un dáadáa.

Ohun tó wù wá jù lára rẹ̀ ni swíìṣì tó ń ti epo pa nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń jẹ́ kí epo inú kabúrétọ̀ jó tán, kó má baà gbẹ di gọ́ọ̀mù síbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.